Ṣaworo àti Dídán Ohùn: Àyẹ̀wò Àwo Orin Phase II ti Ẹgbẹ́ BLO (1975)

Nígbà tí ẹgbẹ́ olórin kan bá gbé àwo orin kejì jáde, tí ohùn rẹ̀ sì mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọ̀rọ̀ méjì ni ó máa ń gba ẹnu àwọn lámèyítọ́. Àwọn kan a ní ẹgbẹ́ náà ti dàgbà. Àwọn mìíràn a ní owó ti bà wọ́n jẹ́. Ìdájọ́ méjèèjì rọrùn láti dá, nítorí pé kò sí èyí tí ó béèrè etí ẹni tí wọ́n ń dán ohùn náà fún. Àyẹ̀wò yìí gbé ìbéèrè náà ka orí Phase II, àwo orin tí ẹgbẹ́ BLO ṣe fún ilé iṣẹ́ Afrodisia ní ọdún 1975, ó sì fi í wé Chapter One tí wọ́n ṣe fún EMI ní ọdún 1973.

Èkó ni ilé ẹgbẹ́ náà, àwọn ọ̀dọ́ Èkó ni ó sì kọ́kọ́ jó sí orin wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe etí Èkó ni àyẹ̀wò yìí yóò fi gbọ́ ọ. Àwọn abúlé olóko àti ìlú kéékèèké tí ó yí Ìbàdàn ká ni yóò jẹ́ òṣùwọ̀n: Mọ́níyà, Ìjàyè àti Ìròkò lápá kan, Lálúpọn àti Ẹrúnmu lápá kejì, títí dé Akànràn, ìyẹn agbègbè tí ó bọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Làgelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà lónìí. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ní irú ibẹ̀ ni ìlù ti jẹ́ ohun tí etí ọmọ máa ń bá pàdé kí ó tó mọ rẹ́kọ́ọ̀dù, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀rọ tí ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù fọhùn ti yàtọ̀ pátápátá sí ti yàrá òṣìṣẹ́ ìjọba ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Àwo orin kan kì í pé títí a ó fi mọ ẹ̀rọ tí yóò kọ ọ́ àti etí tí yóò gbà á.

Ènìyàn mẹ́ta ni BLO, orúkọ wọn ni wọ́n sì kó jọ sínú lẹ́tà mẹ́ta náà: Berkley Jones tí ń ta jìtá, Laolu Akins tí ń lu dúrọ́ọ̀mù, àti Mike Odumosu tí ń ta béèsì, jìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Ní ọdún 1972, Jones àti Akins bá Ginger Baker, onílù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Cream rí, ṣe ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Salt. Àwọn ìbejì Líjàdù wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Salt kò pẹ́ tí ó fi tú, BLO sì dìde kí ọdún náà tó parí. Ìtàn ẹgbẹ́ náà pọ̀ jù báyìí lọ, ṣùgbọ́n èyí tó fún ohun tí ó wà níwájú.

Ohùn Chapter One wúwo. Jìtá Jones ni ó gba iwájú, kì í sì í ṣe irú ohùn jìtá tí etí mọ̀ nínú jùjú, tí ó máa ń dún bí omi tí ń kán sínú àwo tánganran. Jones gba ohùn náà kọjá nínú ẹ̀rọ kékeré kan tí àwọn olórin ń pè ní fuzz. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni láti tẹ ìró okùn pa títí yóò fi fọ́ sí wẹ́wẹ́ kí ó tó jáde, tí yóò sì máa kùn bí agbọ́n tí wọ́n ká mọ́ inú akèrègbè. Ìlù Akins ń rìn lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí ó ru ẹrù. Nínú "Chant to Mother Earth", orin náà kò kánjú lọ síbì kankan. Ègbè ń padà wá lórí ara rẹ̀, jìtá sì ń rọ́ yí i ká bí èéfín. Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbé létí aṣálẹ̀ ní Kalifóníà, tí ẹgbẹ́ Kyuss wà lára wọn, sọ irú rọ́ọ̀kì tí ó wúwo, tí ó ń fà, tí jìtá rẹ̀ ń kùn báyìí di ẹ̀yà orin kan fúnra rẹ̀. Orúkọ tí ó rọ̀ mọ́ ọn ni stoner rock, orúkọ tí ó ń tọ́ka sí àwọn tí ń mu igbó. Ní ti ọjọ́ orí, BLO kò lè jẹ́ orúkọ yẹn. Ní ti ohùn, ó ṣòro kí ènìyàn gbọ́ Chapter One kí ó má ronú kàn án.

Ẹ̀sùn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ sí àwo àkọ́kọ́ yìí ni pé ariwo rẹ̀ jẹ́ ohun àjèjì, tí wọ́n yá lọ́wọ́ Cream àti Jimi Hendrix, àti pé bí wọ́n ṣe ń fọ ohùn náà mọ́ ni wọ́n ń bọ̀ wá sílé. Apá kan ẹ̀sùn yìí jẹ́ òtítọ́. Ẹ̀rọ náà kò ti ilẹ̀ Yorùbá wá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí Jones gbà ń tẹ okùn kì í ṣe ti ilé. Apá kejì kò dúró bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí etí Yorùbá ti ń gbà tipẹ́tipẹ́.

Ẹni tí ó bá tẹjú mọ́ ìyáàlù dùndún yóò rí i pé kì í ṣe igi, awọ àti ọ̀sán nìkan ni wọ́n fi ṣe é. Ṣaworo yí ojú rẹ̀ ká, àwọn agogo idẹ wẹ́wẹ́ tí kò ní iṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ tí ìlù náà ń sọ. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ìyáàlù fi ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ àti ọ̀sán ni ó sì ń pèsè wọn. Síbẹ̀, bí ìlù náà ti ń sọ̀rọ̀, ṣaworo a máa dún wọnran wọnran lábẹ́ rẹ̀, ohùn kan tí kò ní ìtumọ̀ lẹ́bàá ohùn tí ó ní ìtumọ̀. Kò sí àyàn tí yóò ní kí wọ́n tú u dànù kí ọ̀rọ̀ lè túbọ̀ hàn. Ìyáàlù tí kò ní ṣaworo, ìhòòhò ni ó wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, tí ó jẹ́ pé àwọ̀n ìlẹ̀kẹ̀ tàbí owó ẹyọ tí ń ha ara igbá ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gòjé inú orin sákárà, tí ohùn rẹ̀ ń ha ọ̀fun kí ó tó dún, tí àwọn àgbà sì ń gbádùn híha náà ju dídún lọ.

Iṣẹ́ tí ṣaworo ń ṣe kì í ṣe ti ọ̀ṣọ́ nìkan. Ní agbo ijó ìta gbangba, tí ènìyàn ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, ìró tínrín tí ó wà lókè ni etí fi ń tètè mọ ibi tí onílù dúró sí. Ohùn ìsàlẹ̀ ń kún ibi gbogbo, kò sì ní ojúlé kan pàtó. Ṣaworo ni ó ń fún ìyáàlù ní ojúlé. Bí a bá gbọ́ ọ báyìí, ìkùn jìtá Jones kò jìnnà sí ilé tó bí ẹ̀sùn náà ti fẹ́ kí ó rí. Jìtá náà kò sọ̀rọ̀ bí ìlù ti ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ fi ẹ̀tàn sọ pé ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ipò ìyáàlù ni ó dì mú: ohùn kan ṣoṣo tí ó ga ju ti ìyókù lọ, tí ara rẹ̀ kò dán, tí olùgbọ́ lè tọ̀ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ará Akànràn tí kò gbọ́ orúkọ Hendrix rí lè má fẹ́ràn orin náà, ṣùgbọ́n kò ní ìdí láti pe ìkùn rẹ̀ ní ìbàjẹ́.

Ní Phase II, wọ́n ti tú ṣaworo dànù. Jìtá Jones kò kùn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ń gé ohùn kúkúrú kúkúrú, ó ń fi àyè sílẹ̀. Béèsì bọ́ síwájú, ó ń fò, ó ń dúró. Orin fọ́ńkì ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni ẹgbẹ́ náà kọjú sí, wọ́n sì kọjú sí i pẹ̀lú ìmọ̀. Kí lámèyítọ́ má fi ẹ̀tanú sọ̀rọ̀: Akins lu ìlù nínú àwo yìí ju bí ó ti lù ú nínú ti ìṣáájú lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yà, ọwọ́ rẹ̀ kò wúwo, ohun èlò kọ̀ọ̀kan sì dá dúró gedegbe tí etí fi lè mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ń wá mímọ́ yóò rí mímọ́ níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé nínú agbo dùndún, kì í ṣe gbogbo ìlù ni ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Gúdúgúdú àti àwọn omele a máa di ìlù mú, wọn a máa tún ohun kan náà sọ láìsinmi, kí ìyáàlù lè ní ilẹ̀ tí yóò tẹ̀ nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀. Àwọn àlàfo inú ìlù omele kì í ṣe àlàfo lásán. Ibùjókòó ọ̀rọ̀ ni wọ́n. Fọ́ńkì dára púpọ̀ ní ti omele. Béèsì, jìtá àti dúrọ́ọ̀mù a máa wọ inú ara wọn bí eyín ìyarun méjì tí wọ́n kojú síra, àlàfo a sì wà. Nínú orin James Brown, Brown fúnra rẹ̀ ni ìyáàlù: igbe rẹ̀, ìpè rẹ̀ àti ohùn ọ̀fun rẹ̀ tí ó ń ha ni ó ń kún àwọn àlàfo náà. BLO mú omele Brown wá, wọn kò mú ìyáàlù rẹ̀ wá. Wọ́n tún ti pa ohùn jìtá tí ó di ipò náà mú nínú Chapter One lẹ́nu mọ́. Ohun tí ó kù ni agbo tí gbogbo ènìyàn ń ṣe iṣẹ́ omele dáadáa, tí ìyáàlù kò sì sí nílé.

Ọ̀rọ̀ orin kò sì lè gba ẹrù náà rù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú orin BLO, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi ibi tí olórin dúró sí hàn. Ọ̀kan nínú àwọn orin wọn láti ìgbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ Afrodisia ń jẹ́ "Native Doctor". Orúkọ tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi ń pe oníṣègùn nìyẹn nínú ìwé wọn. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò ju ìpè kan lọ sí ilé oníṣègùn, ní Ìròkò tàbí níbikíbi, kò ní ìdí láti pè é bẹ́ẹ̀. Láti òkèèrè ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti ń bọ́ sí ènìyàn lẹ́nu.

Ta wá ni wọ́n ń dán ohùn náà fún? Ọdún tí àwo náà jáde dáhùn díẹ̀. Ìgbìmọ̀ Údojì ti gba ìjọba Gowon nímọ̀ràn ní ọdún 1974 pé kí wọ́n fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ìjọba sì san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975. Owó epo rọ̀bì ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìgbà náà kò ní gbàgbé bí alùpùpù, fíríìjì àti ẹ̀rọ sítẹ́rió ṣe kún inú ilé àwọn tí ń gba owó oṣù. Sítẹ́rió ni ó ṣe pàtàkì níhìn-ín. Gbohùngbohùn méjì rẹ̀, tí ó tóbi tí ó sì jìnnà síra, ni ó ń jẹ́ kí etí gbọ́ béèsì ní kíkún, kí ó sì mọ̀ pé jìtá wà lọ́tùn-ún, ìlù wà lósì. Phase II, àwo tí ó yẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni. Bí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó Údojì ra sítẹ́rió ní Bódìjà tàbí ní Súrùlérè, yóò fẹ́ àwo tí yóò fi han àlejò pé owó òun kò ṣòfò.

Àgbẹ̀ kò gba Údojì. Ọjà tí ó wọ́n lẹ́yìn Údojì ni ó kàn án.

Ní àwọn abúlé Làgelú àti Ọ̀nà-Àrà nígbà náà, níbi tí iná mànàmáná kò tíì dé, ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù oníbátìrì ni, tí gbohùngbohùn rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tàbí rédíò oníbátìrì tí wọ́n gbé ka ojú fèrèsé. Irú gbohùngbohùn kékeré bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde. Béèsì tí ó mọ́, tí kò ní híha kankan lára, yóò sá wọ inú ẹ̀rọ náà lọ, kò sì ní jáde mọ́. Fọ́ńkì tí kò sì ní béèsì, eegun ẹja ni. Ohùn tí ó bá ń kùn yàtọ̀. Nígbà tí fuzz bá fọ́ ìró okùn, ìró kéékèèké mìíràn ni ó ń bí sókè orí rẹ̀, àwọn ìró wọ̀nyí ni gbohùngbohùn kékeré sì lè gbé. Nípa bẹ́ẹ̀, lórí ẹ̀rọ tí ó burú jù, Chapter One yóò dé ọ̀dọ̀ olùgbọ́ pẹ̀lú nǹkan lọ́wọ́, Phase II yóò sì dé lọ́wọ́ òfo. Iṣẹ́ ṣaworo náà ni èyí, ó kàn jẹ́ pé iná ni ó ń ṣe é dípò idẹ. Dídán ohùn ti yan olùgbọ́ rẹ̀ kí olùgbọ́ tó yan orin.

Kò yẹ kí ènìyàn torí èyí sọ Chapter One di orin àwọn ará oko. "Chant to Mother Earth" ń kí ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi hàn pé ó mọ àwọn tí ń ro ó. Ọdún mẹ́rin péré ni ó wà láàrin àwo náà àti rògbòdìyàn Agbẹ́kọ̀yà ti 1968 sí 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ agbègbè yìí gan-an kọ̀ láti san owó orí tí ó ti wúwo jù bí owó kòkó ṣe ń wálẹ̀. Akànràn ni ojúkò rẹ̀. Tàfá Adéoyè ni orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ọn, àwọn ọlọ́pàá àti ológun wọ abúlé, ẹ̀mí ṣòfò, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1969 àwọn àgbẹ̀ sì ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi láti tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Ilẹ̀ tí BLO ń kí, ti inú àròjinlẹ̀ ni. Ilẹ̀ tí ó wà ní Akànràn ní akọsílẹ̀ owó orí lórí. Orin tí àwọn àgbẹ̀ fi jà, ẹnu wọn ni ó ti jáde, ní èdè wọn, láìsí ẹ̀rọ kankan. Síbẹ̀, bí a bá gbé àwo méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ìtàn yẹn, ti àkọ́kọ́ ni ó ṣì jọ pé ó ti inú orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jagun tán jáde. Ìnira wà lára ohùn rẹ̀. Phase II dún bí ẹni pé ohun gbogbo ti tán.

Àtakò kan wà tí kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀. Ṣé dídán ohùn kò sí nínú iṣẹ́ àwọn onílù Yorùbá ni? Ó wà dáadáa. Wọ́n máa ń fi ìda sí ojú gúdúgúdú àti ojú bàtá láti tẹ ohùn rẹ̀ rì sí ibi tí wọ́n fẹ́. Wọ́n máa ń yá awọ nínú oòrùn tàbí nítòsí iná kí ó lè le. Hàrúnà Ìṣọ̀lá, tí ó jẹ́ baba nínú orin àpàlà, ni ó dá ilé iṣẹ́ Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní ìparí àwọn ọdún 1970, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ tí ó jẹ́ ti ìgbàlódé nígbà náà. Àpàlà kò sì torí ẹ̀rọ tí ó mọ́ sọ ahọ́n rẹ̀ nù. Agídìgbo ṣì dún nínú rẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣì ha. Dáúdà Epo Àkàrà ní Ìbàdàn náà gbé wéré oníṣáàrì dé orí rẹ́kọ́ọ̀dù, ó sọ ọ́ di awúrebe, àwọn ará oko sì ń bá a lọ láìka ẹ̀rọ sí. Ìda a máa tẹ ohùn rì kí ọ̀rọ̀ lè hàn. Nínú Phase II wọ́n tẹ ohùn rì, ọ̀rọ̀ kò sì sí tí yóò hàn.

Àwọn àwo tí ó tẹ̀lé e kò nílò àlàyé púpọ̀. Odumosu lọ sí ẹgbẹ́ Osibisa; ẹlòmíràn gba béèsì. Bulky Backside ti ọdún 1980 ti di orin dískò pátápátá, ó mọ́ débi pé kò sí ohun tí ènìyàn lè dì mú lára rẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì tú lẹ́yìn Back in Time ti ọdún 1982.

Ohun tí ó yẹ kí lámèyítọ́ tẹ̀lé lẹ́yìn ìgbà náà ni ọwọ́ Akins. Ó fi ìdí dúrọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó di ẹni tí ń darí iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn ẹlòmíràn. Ní ọdún 1989 Shina Peters gbé Ace jáde, Akins ni ó sì darí iṣẹ́ náà. Àwo yẹn dán ju Phase II lọ ní gbogbo ọ̀nà. Kíbọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀, ìlù oníná wà nínú rẹ̀, ìlù rẹ̀ ń sáré, kò sì sí ìdọ̀tí kankan lára béèsì. Lóòótọ́, jùjú ni ó jẹ́ ní ìpìlẹ̀, ẹlòmíràn ni ó sì kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ Phase II yóò gbọ́ omele kan náà níbẹ̀, eyín ìyarun méjì kan náà, yóò sì gbọ́ pé ẹni tí ó tò wọ́n ti wá ẹnì kan wá jókòó sínú àlàfo wọn. Èdè Yorùbá ni orin náà, oríkì ń wọlé, ìpè ń jáde, gángan sì wà láàrin kíbọ́ọ̀dù àti béèsì, ó ń tún ohun tí ẹnu bá sọ sọ. Wọ́n jó o ní Èkó, wọ́n jó o ní Mọ́níyà àti Lálúpọn, ní ìgbéyàwó àti ní òkú àgbà. Lórí rédíò oníbátìrì, béèsì Ace náà kì í jáde dáadáa. Gángan ń jáde.